Ọ̀dà Pupa Lára Igi Ògùrọ̀

Motúnráyọ̀ kò tíì rí ẹnikẹ́ni tó fi gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìgégi. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó sáré wọ inú irà tó wà lẹ́yìn Ajégúnlẹ̀.

Òun ló ṣètò bí irà náà yóò ṣe padà bọ̀ sípò títí dé Ìkòsì, kí omi lè ríbi dúró sí nígbà tí odò bá kún, kó má baà wọlé onílé. Ìwọ̀nba igi ògùrọ̀ tó ṣẹ́kù ni gbogbo ètò náà gbára lé. Èso wọn ni wọn yóò gbìn, èso náà kò sì tíì gbó.

Wọ́n ti gé méjì lulẹ̀. Sàká agégi ti gbé ẹ̀rọ lé ẹ̀kẹta.

"Ọ̀gá, ẹ dá a dúró!"

Sàká pa ẹ̀rọ. Ìyá Ajarat, tí ilé rẹ̀ wà létí irà, ló dáhùn.

"Kó dá kí ni dúró? Ẹ ò rí ọ̀dà pupa lára ẹ̀? Irú àmì yìí ni ìjọba kọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Kò pẹ́ tí katapílà fi dé wó o. Tí wọn ò bá rí àmì, wọn ò ní rí ilé mi."

Motúnráyọ̀ ló ní kí wọ́n lo pupa, torí pé ó máa ń hàn láti òkèèrè. Òun, ọmọ Kétu, tó ti rí pupa lára ògiri tí wọ́n fẹ́ wó láti kékeré!

"Mummy, èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́. Igi tí a fẹ́ dá sí ni."

"Ìwọ? O wá kọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ wólé? Sàká, gé e jàre!"

Sàká fa okùn. Ẹ̀rọ ké. Motúnráyọ̀ fẹ̀yìn ti igi náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì.

"Aunty, ẹ kúrò o! Ẹ̀rọ yìí ò mọ ọ̀gá."

"Mummy!" Ó ń pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí ẹ̀rọ. "Kí lẹ kọ sára fẹ́ǹsì yín?"

"'Ilé yìí kì í ṣe títà.' Kí ló kàn ọ́?"

"Ṣé ọ̀dà funfun tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ ṣẹ́kù?"

Ìyá Ajarat gbọ́wọ́ sókè. Sàká pa ẹ̀rọ.

Obìnrin náà mú agolo ọ̀dà dé láti ilé, ṣùgbọ́n kò fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ fún Motúnráyọ̀. Ó fi funfun bo pupa, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ rẹ̀: IGI ÌYÁ AJARAT. KÌ Í ṢE GÍGÉ.

"Ta ló kù tó máa fọwọ́ kàn án?"

Sàká gbé ẹ̀rọ rẹ̀ léjìká.

Motúnráyọ̀ tẹ èso kan lára igi tí wọ́n ti gé lulẹ̀. Ó rọ̀, kò tíì gbó. Apá Ìkòsì kò ní rí èso gbìn lọ́dún yìí, òjò ò sì ní dúró dè wọ́n. Ó gba agolo náà, ó kọjú sí igi tó kàn.