Màlúù Níbi Ìfọmọ́tò

Ràyhànátù kò fọ màlúù rí kí Ṣàkírù tó dé. Mọ́tò ló ń fọ̀. Ibi ìfọmọ́tò rẹ̀ wà lẹ́bàá títì ní Tafo, nílùú Kumasi, níbi tí àwọn trotro, ọkọ̀ akérò, ti máa ń yà kí wọ́n tó wọ àárín ìlú lọ. Ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tí ó kú. Àwọn ènìyàn rò pé yóò tà á, ṣùgbọ́n kò tà á. Ó wé ìborùn mọ́rí, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, ó sì ń fọ mọ́tò lọ, òun àti Gladys.

Ọmọ Àṣáńtí ni Gladys, ṣùgbọ́n agboolé àwọn Yorùbá ní Moshie Zongo ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Ògbómọ̀ṣọ́, àfi bí inú bá ń bí i. Nígbà náà, Twi, èdè àwọn Àṣáńtí, nìkan ni yóò máa jáde. Ràyhànátù fúnra rẹ̀ kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti ibẹ̀ wá.

Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Ṣàkírù dé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti ọjà màlúù, ó ń fa akọ màlúù méjì lókùn bọ̀. Òjò ti pa àwọn ẹran náà lórí ọkọ̀ láti Bolgatanga títí dé Kumasi, wọ́n sì ti dùbúlẹ̀ nínú ìgbẹ́ ara wọn. Ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ wọn lára débi pé ènìyàn kò lè sọ àwọ̀ tí Ọlọ́run dá mọ́ wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ àwọn wọ̀nyí."

Ràyhànátù wò ó, ó wo màlúù, ó tún wò ó. "Bọ̀ọ̀dá, mọ́tò là ń fọ̀ níbí."

"Mo mọ̀. Páìpù omi tó wà ní ọjà wa ló bàjẹ́. Àwọn tó fẹ́ ra ẹran Iléyá ń wá, wọ́n ń wo ti àwọn ẹlòmíràn, bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á di imú mú, wọ́n á kọjá. Bẹ́ẹ̀ ẹran gidi ni wọ́n, wallahi. Ìdọ̀tí lásán ni."

"Bí wọ́n bá wá ta mọ́tò oníbàárà mi nípàá ńkọ́?"

"Wọn kò ní ta nǹkan kan nípàá. Wọ́n níwà pẹ̀lẹ́."

Gladys yọ orí láti ẹ̀yìn takisí tó ń fọ̀. "Àǹtí, ẹ má gbà o! Màlúù kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń bá ṣeré!" Láti kékeré ni ẹ̀rù màlúù ti ń bà á. Bí wọ́n bá ń da ẹran kọjá lójú títì, ẹ̀yìn ilé onílé ló máa ń sá lọ.

Ó yẹ kí Ràyhànátù sọ pé rárá. Ohun tó mú un gbà ni pé ọkùnrin náà kò bẹ̀bẹ̀ jù, kò sì bínú. Ó kàn dúró, ó di okùn mú, ó ń fi ọwọ́ kejì ha ẹrẹ̀ kúrò létí ẹran náà díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tí ń yọ ipin lójú ọmọ.

"Ẹ fà wọ́n wá," ni ó wí.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé wọ́n tan ẹ̀rọ tí ń fọ́n omi sí mọ́tò. Bí ẹ̀rọ náà ti bú ramúramù, akọ màlúù tó tóbi jù fò sókè. Ṣàkírù kò ju okùn sílẹ̀, ẹran náà sì wọ́ ọ gba inú omi ọṣẹ kọjá, ó da korobá nù, ó wá lọ ki orí bọ inú takisí tí Gladys ń fọ̀, ti awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Kwadwo, tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Orí ìjókòó níwájú ni Kwadwo gbé waakye tó fẹ́ fi jẹun àárọ̀ sí. Màlúù jẹ ẹ́, ìrẹsì, ẹ̀wà àti ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn.

"Ei! Waakye mi!" Kwadwo fi ọwọ́ lérí. "Ẹyin wà nínú rẹ̀ o!"

Ṣàkírù dìde nínú ọṣẹ, ìfófòó ń yọ ní etí rẹ̀ méjèèjì. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kwadwo, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ràyhànátù, ó ní òun á ra waakye mìíràn, òun á sì fi ẹyin méjì sí i. Nígbà náà ni ẹ̀rín pa Ràyhànátù. Ó rín, ó rín, ó fara ti táńkì omi, ó tún ń rín. Gladys, tó ti gun orí àga, wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀.

Wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Wọ́n fi rọ́bà omi lásán ṣe é, omi jẹ́jẹ́. Ṣàkírù ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, kí ẹran mọ bí omi náà ti tutù tó kó tó kan ikùn rẹ̀. Ràyhànátù mú ọṣẹ dúdú, èyí tí àwọn ará Kumasi ń pè ní alata samina, ó pò ó mọ́ omi, ó sì fi búrọ́ṣì tó fi ń fọ táyà ha ẹrẹ̀ náà títí tó fi rọ̀. Nígbà tí ó dé abẹ́ ọrùn, níbi tí awọ ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ẹran náà na ọrùn síwájú, ó di ojú, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ó fẹ́ràn rẹ̀," ni Ṣàkírù wí. "Ẹ má dá a dúró."

Bí omi ti ń ṣàn lọ, bẹ́ẹ̀ ni ara ẹran ń yọ. Funfun ni. Funfun báláú, etí àti imú rẹ̀ nìkan ló dú. Ṣàkírù yí i ká. "Mo rà á, mo bá a wọ ọkọ̀, mo bá a sùn nínú òjò. N kò mọ̀ pé funfun ni!"

Gladys kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó wá díẹ̀díẹ̀, ó ní ìrù rẹ̀ ti di bí ìgbálẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun yà á. Òòyà tirẹ̀ ló fi yà á, láti ẹ̀yìn, apá rẹ̀ nà gbọọrọ bí ẹni tí ń fi igi ro iná. Nígbà tí ìrù náà fẹ̀, tó ń fì, ó gbàgbé ẹ̀rù. Ó lọ mú òrí nínú àpò rẹ̀, ó fi ra ìwo méjèèjì àti pátákò títí wọ́n fi ń dán.

Kò tíì di ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ẹran méjèèjì fi tà. Ní ọjọ́ kejì, Ṣàkírù kó òmíràn wá. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, ó ń di okùn mú, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ó sọ fún Ràyhànátù pé ìyàwó òun ti di olóògbé, pé ọmọkùnrin òun kan ṣoṣo, Munir, ń ṣiṣẹ́ ní Accra, pé ilé òun ní Sawaba dákẹ́ jù. Ràyhànátù náà sọ ti Màrwà ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Tamale. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó di "Bàbá Munir" lẹ́nu rẹ̀, òun náà sì di "Ìyá Màrwà."

Iléyá kọjá. Wọ́n tún páìpù ọjà màlúù ṣe. Ràyhànátù rò pé ó tán nìyẹn, ó sì yà á lẹ́nu pé ọkàn òun kò fẹ́ kó tán. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Ṣàkírù yọ lókèèrè, òun àti abo màlúù pupa kan. Wọ́n fọ̀ ọ́. Ní ọjọ́bọ̀, ó tún mú pupa kan wá.

Gladys yí ẹran náà ká lẹ́ẹ̀kan. Ó fọwọ́ kan ìwo rẹ̀, ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Bàbá Munir," ni ó wí, "èyí tí a fọ̀ ní Mọ́ńdè kọ́ nìyí? Òrí mi ṣì wà lára ìwo rẹ̀."

Ṣàkírù wo ilẹ̀. "Ó... ó dùbúlẹ̀ ni."

"Sórí kí ni? Sórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Gladys," ni Ràyhànátù wí, "lọ ra omi tútù wá fún wa."

"Omi wà nínú kúlà, Àǹtí."

"Lọ ra òmíràn."

Gladys lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn. Ràyhànátù gbé búrọ́ṣì sílẹ̀. "Bàbá Munir, ẹran yìí mọ́ ju aṣọ ọrùn mi lọ. Kí lẹ bá wá gan-an?"

Ọkùnrin náà yí okùn mọ́ ọwọ́, ó tún tú u. "Mo fẹ́ máa rí yín. N kò sì rí ohun tí mo lè sọ pé mo bá wá. Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò nìyí. N kò ní mọ́tò."

"Ẹ ò lè kàn rìn wá?"

"Ojú ń tì mí."

Ràyhànátù wo ojú títì, ibi tí àwọn trotro ti ń fọn fèrè. Ó ti ń retí pé òun á sọ pé òun ti dàgbà jù, pé kí ni àwọn ènìyàn á wí. Kò rí ọ̀kan nínú wọn sọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Moshie Zongo," ni ó wí. "Alhaji Jùbrílù, lẹ́yìn mọ́sáláṣí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ ná."

Ní alẹ́, ó pe Màrwà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn: ó bi í léèrè oúnjẹ, ó bi í léèrè ìdánwò, ó sọ̀rọ̀ òjò.

"Màmá," ni Màrwà wí, "ṣé ti bàbá onímàlúù ni? Àǹtí Gladys ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní láti ìgbà tó ti dé lẹ ti ń wé ìborùn yín tó dára lọ síbi iṣẹ́."

"Gladys yìí!"

"Ṣé ó ń mú yín rẹ́rìn-ín?"

Ràyhànátù rántí ìfófòó ní etí Ṣàkírù. "Ó ń mú mi rẹ́rìn-ín."

"Ó dáa, Màmá. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, Ṣàkírù wọ aṣọ funfun, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan àti obì lọ sọ́dọ̀ Alhaji Jùbrílù. Ràyhànátù wà níbi iṣẹ́, ó ń fọ trotro, ó sì fọ ilẹ̀kùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí fóònù tó dún.

"Wọ́n wá," ni Jùbrílù wí. "Ènìyàn dáadáa ni. Ọ̀rọ̀ koríko ẹran la sọ títí, mo rò pé ó ti gbàgbé ohun tó bá wá. Nígbà tó rántí, ó sọ ọ́ bí ọmọlúàbí. Mo ti gba obì náà."

Wọ́n so yìgì ní agboolé Jùbrílù, láàárọ̀, láìsí ariwo. Màrwà ti Tamale wá, Munir ti Accra wá, Kwadwo sì fi takisí gbé àwọn àgbà láìgba owó. Ní ọjọ́ ajé tó tẹ̀lé e, Ràyhànátù padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò màlúù mìíràn ti gbọ́, wọ́n sì ti ń kó ẹran tiwọn bọ̀ kí ọjọ́ ọjà tó pé, nítorí náà Ṣàkírù kan òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì, níbi tí ẹ̀rọ kò ti lè dẹ́rù bà wọ́n. Gladys ló ni apá ibẹ̀ báyìí. Ó ra òòyà ńlá, ó sì ń bá àwọn ẹran náà wí ní Twi bí wọn kò bá dúró jẹ́ẹ́.

Bí iṣẹ́ bá dẹwọ́ lọ́sàn-án, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó sórí pákó lábẹ́ ìbòòji, wọ́n á jọ jẹ kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín. Ṣàkírù á yọ egungun ẹja, á sì sún ẹran rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo Ràyhànátù, obìnrin náà á sì jẹ ẹ́.