Ta Ló Pè Ọ́, Fadékẹ́mi?

Fadékẹ́mi kì í ṣe ẹni tí í fi ohùn kẹ́lẹ́ sọ ohun rere. Láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ akọrin Òkè Mẹ́ta ti túká ni ó ti sọ fún ìyá rẹ̀, ó sọ fún Yèyé tó bí ìyá rẹ̀, ó sọ fún àwọn ọlọ́kadà oríta Ìpótì, ó sì sọ fún pásítọ̀ wọn pé òun ń gbé àwo orin tòun bọ̀.

"Orúkọ mi nìkan ni yóò wà lójú àwo náà," ni ó máa ń wí, bí ẹni tó ń sọ pé oòrùn yóò yọ lọ́la.

Kò ṣe fọ́nńté. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń kọrin: Kọ́lápọ̀ ló ń lé e, Gift ń gbè é ní ohùn òkè, Fadékẹ́mi ń gbè é ní ohùn ìsàlẹ̀. Láti Ẹ̀fọ̀n títí dé Ìjerò, bí ènìyàn bá ṣe ìgbéyàwó tí kò fi orin Òkè Mẹ́ta jó, a jẹ́ pé iná ló lọ níbi ìgbéyàwó náà. Nígbà tí Gift bá ọkọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun, ẹgbẹ́ tú bí ìgbálẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Ó dun àwọn kan. Kò dun Fadékẹ́mi. Orin ti kún inú rẹ̀ tipẹ́, àyè ni kò rí.

Àyè náà ló wá rí ní sítúdíò Mùbárákù ní Arámọ̀kọ. Ìkìrun ni bàbá Mùbárákù ti wá láti máa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ọmọ rẹ̀ gba yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ya fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó pè é ní sítúdíò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé yóò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí etí Mùbárákù mú bí abẹ.

Orin ti pé. Àwòrán ojú àwo ti wà nílẹ̀. Mọ́ńdè ni ilé-iṣẹ́ tí yóò gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Mùbárákù jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń họ orí.

"Ó ń tiro," ó ní.

"Kí ló ń tiro?"

"Orin ẹ. Ohùn dáa, ìlù dáa, ọ̀rọ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ó ń tiro, mi ò sì mọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Gbọ́ èyí." Ó tẹ orin ìfẹ́ inú àwo náà. Ìlù lu díẹ̀, ohùn Fadékẹ́mi sì yọ, ó dùn bí àádùn: *Mo gbà, mo gbà, n ò ní ṣiyèméjì.* Mùbárákù dá a dúró. "O gbà kí ni?"

"Ọkùnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni mo gbà fún."

"Ọkùnrin wo? Mi ò gbọ́ ohùn ọkùnrin kankan. Èmi rò pé onílé ẹ ló ní kó o kó jáde, tó o sì gbà."

Fadékẹ́mi fi ìwé nà án lórí. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí òórùn lọ́fínńdà wọlé, tí Kọ́lápọ̀ sì tẹ̀lé e. Adó ló ti ń bọ̀, Ẹ̀fọ̀n ló ń lọ, ó ní òun ò lè kọjá lójúde Mùbárákù kóun má yà. Ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó di ojú, ó ní kí wọ́n máa lù ú lọ.

Orin kìíní parí, Kọ́lápọ̀ kàn ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ìkejì parí, ó ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí ìkẹta bẹ̀rẹ̀, kí Fadékẹ́mi inú ẹ̀rọ tó wọlé, Kọ́lápọ̀ ya ẹnu, ó ju ìlà kan sínú ibi tó ṣófo níwájú. Lójú ẹsẹ̀ ni orin náà dìde, tó ń rìn. Mùbárákù gbọ́ ọ. Fadékẹ́mi pàápàá gbọ́ ọ, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún dé eegun.

"Ṣé ẹ rí i?" Kọ́lápọ̀ la ojú. "Fadé, àga mi lo fi sílẹ̀ dè mí. Kò sí orin kan níbí tí àga mi ò sí. Jẹ́ kí n wá jókòó sí i. A ó kọ ọ́ sójú àwo báyìí: Kọ́lápọ̀ àti Fadékẹ́mi."

"Àti Fadékẹ́mi," ni Fadékẹ́mi wí.

"Kí ló burú nínú 'àti'?"

"Kò burú. Mo kàn ti jẹ́ 'àti' tó."

Kọ́lápọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kò ní ìkà nínú. Ó kàn mọ ara rẹ̀ dájú, bí àkùkọ ti mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Ó ní òun ń padà bọ̀ ní Sátidé, kí wọ́n tọ́jú máìkì de òun.

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, Mùbárákù wo ilẹ̀. "Fadé, má bínú. Orin yẹn dìde nígbà tó dá sí i."

"Mo gbọ́."

"Báwo ni ká ṣe wá ṣe é?"

"Ihò kan wà níbẹ̀. Orin mi ni, ihò mi ni. Èmi ni n ó dí i. Bí n kò bá rí nǹkan fi dí i di Sátidé, kó wá jókòó, ká kọ 'àti'."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú àyà líle. Ṣùgbọ́n bó ti ń wọkọ̀ Ìjerò lọ sílé, kò mọ ohun tí yóò fi dí i.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ń fọ́ kòkó ní oko ìdílé wọn ní Ìpótì. Ní ìdílé yẹn, o lè di gómìnà, o lè máa kọrin lórí rédíò, bó o bá wà ní Ìpótì lọ́jọ́ kòkó fífọ́, inú oko ni wàá wà. Wọ́n kó èso kòkó jọ lábẹ́ igi, ó ga dé àyà. Ẹnì kan ló ń mú kùmọ̀ tí wọ́n fi ń fọ́ ọ. Àwọn yòókù á jókòó yí i ká, wọ́n á máa wa hóró sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá mú kùmọ̀ ló ń lé orin, àwọn tó ń wa hóró ló ń gbè é. Wọ́n ní bí orin bá dákẹ́, ọwọ́ á rọ. Òfin kan sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Yèyé: ẹni tó bá gbé kùmọ̀ kò gbọdọ̀ gbé e lẹ̀ títí òkìtì yóò fi tán, àfi tí wàhálà bá pè é lọ. Ẹni tó bá kàn gbé e lẹ̀ nítorí àárẹ̀, "Ẹ kú àárẹ̀ o" ni wọ́n á fi máa kí i títí di ọdún tó ń bọ̀, ì báà jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Àbúrò ìyá Fadékẹ́mi, Bùọ̀dá Dúrótoyè, ló ń mú kùmọ̀. Ohùn rẹ̀ ki bí ògì. Láti kékeré ni Fadékẹ́mi ti ń gbè é, ọwọ́ rẹ̀ nínú hóró tútù, ẹnu rẹ̀ nínú ègbè.

Oòrùn ti ń mú nígbà tí ariwo ta láti ojú ọ̀nà pé ọ̀kadà tó ń kó agbọ̀n ti rì sínú ẹrẹ̀. Bùọ̀dá Dúró fi kùmọ̀ ti igi, ó sáré lọ. Orin dákẹ́.

Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu kò ṣe nǹkan kan. Fadékẹ́mi fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rí i pé òun kò lè sọ ọ́: àyà rẹ̀ ti kún fún èémí, ó dì í mú, ó ń dúró. Ta ni ó ń dúró dè? Ó mọ ìdúró yìí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń ṣe níwájú máìkì Mùbárákù: á fa èémí, á dúró díẹ̀, á tó wọlé. Ó ti rò pé ìlù ni òun ń dúró dè. Kì í ṣe ìlù. Bùọ̀dá Dúró ni. Lẹ́yìn Bùọ̀dá Dúró, Kọ́lápọ̀ ni. Ó ti fi ihò náà sínú gbogbo orin rẹ̀ láìmọ̀, bí ẹni tí í bu oúnjẹ sílẹ̀ de ẹni tí kò sí nílé.

Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó dìde, ó lọ gbé kùmọ̀.

Yèyé gbójú sókè. "Kí lo fẹ́ fi ṣe, akọrin rédíò?"

"N ó fọ́ kòkó, Yèyé."

"Ṣé o mọ̀ pé wọn kì í gbé e lẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Usẹ́ rè é o, iṣẹ́ gidi," ni Yèyé wí, ó ń mi orí.

Fadékẹ́mi gbá èso kìíní, ó là. Ó ju orin tó fẹ́ràn jù nínú àwo rẹ̀ sókè: *Èmi náà ni o, ọmọ tí ẹ rán lódò!*

Kò sẹ́ni tó gbè é. Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ bí òjò lórí páànù.

"Ta lò ń dá lóhùn?" ni Rónkẹ́, ọmọ Bùọ̀dá Dúró, béèrè. "Ta ló pè ọ́, Fadékẹ́mi?"

Yèyé fi ọwọ́ tó kún fún omi kòkó gbá itan. "Ọmọ mi ti jẹ́ 'ẹ̀n' kí wọ́n tó pe orúkọ ẹ̀!"

Ojú ti Fadékẹ́mi fún ìwọ̀nba ìgbà tí ojú fi í ti irú rẹ̀, èyí tí kò pẹ́ rárá. Ta lò ń dá lóhùn? Họ́wù! Ìdáhùn ni gbogbo orin òun. Ó ti di kọ́kọ́rọ́ mú láti ìbẹ̀rẹ̀, àgádágodo ni kò wá. Ohun tó kù kò ju pé kó bi ara rẹ̀ léèrè: ìbéèrè wo ni wọ́n bi ẹni yìí tó fi dáhùn báyìí? Ó gbá èso kejì.

"Ta ní ń bọ̀ wá láti ọ̀nà odò?"

Wọ́n gbè é láìrò ó: "Èmi náà ni o, ọmọ tí ẹ rán lódò!"

"Kí ló pẹ́ ọ níbẹ̀ tó báyìí?"

Ó kọ́ wọn ní ìdáhùn ìyẹn náà, wọ́n sì gbà á: "Omi ló dàrú, mo dúró kó tòrò!"

Ó di eré. Ó ń gbá kòkó, ó ń wá ìbéèrè. Òmíràn yọ kí èso tó là. Òmíràn gba agbọ̀n kan gbáko. Orin ìfẹ́ ló le jù. Ó kọ́kọ́ dán "Ṣé wàá fẹ́ mi?" wò.

"Ìyẹn ti gbó!" ni Rónkẹ́ kígbe.

Ó dán òmíràn wò nípa mọ́tò àti ilé alájà, Yèyé ní òun kò fẹ́ ọkùnrin tó ń ka ẹrù. Fadékẹ́mi ń gbá kòkó lọ. Ó rántí yàrá tí òun àti ìyá rẹ̀ gbé rí ní Ẹ̀rìò, àti bí òjò ṣe máa ń bá wọn sùn. Ó wá jù ú sókè:

"Ilé mi ń jò, ṣé wàá bá mi gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀?"

"Mo gbà, mo gbà, n ò ní ṣiyèméjì!"

Yèyé da hóró ọwọ́ rẹ̀ sórí ewé. "Ìyẹn," ó ní, "èmi náà ì bá gbà fún un."

Nígbà tí Bùọ̀dá Dúró padà dé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó na ọwọ́. "O ṣeun, ọmọ mi. Mú un wá."

"Òkìtì ò tíì tán, Bùọ̀dá."

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ìyá Fadékẹ́mi. Ìyẹn tẹjú mọ́ hóró kòkó bí ẹni tí kò gbọ́. Bùọ̀dá Dúró rọra jókòó sórí ewé, ó fa ìlàjì èso kan mọ́ra, nígbà tí ègbè sì kàn, ó gbè é.

Ní Sátidé, pílásítà ni Fadékẹ́mi fi di àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí kùmọ̀ ti bó, ó wọ sítúdíò. Ó kọ àwọn ìbéèrè náà sí máìkì síwájú orin wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko fún Mùbárákù, ìyẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Mùbárákù lu àwọn orin náà padà, ó ń gbọ́.

"Ẹsẹ̀ náà ti tẹlẹ̀," ó ní.

Kọ́lápọ̀ dé pẹ̀lú aṣọ funfun. Ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó di ojú. Orin bẹ̀rẹ̀. Ó ya ẹnu láti wọlé, ó tún pa á dé. Nígbà tó gbọ́ mẹ́ta, ó la ojú.

"Ẹnì kan ti jókòó sí àga mi."

"Èmi ni," ni Fadékẹ́mi wí. "Ṣùgbọ́n àga kan ṣófo. Ibi tí mo máa ń jókòó sí."

"Kí èmi máa gbè ọ́?"

"Mo gbè ọ́ títí, n ò kú."

Kọ́lápọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lórí ìka, ó jáde. Wọ́n gbọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣí. Wọn kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún yọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Á wà lẹ́yìn àwo, níbi tí tèmi máa ń wà."

"Ohùn ìsàlẹ̀ ni?"

"Ohùn ìsàlẹ̀ ni."

Ó sọ kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó bọ́ síwájú máìkì. Ìlù bẹ̀rẹ̀. Kọ́lápọ̀ fa èémí kún àyà, ó sì bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn rẹ̀ gbá ògiri. Mùbárákù dá ẹ̀rọ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ta ló pè yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Kọ́lápọ̀ náà rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn. Ìlù tún bẹ̀rẹ̀. Fadékẹ́mi gbé ọwọ́ tí pílásítà wà lára rẹ̀ sókè kí Kọ́lápọ̀ má bàa wọlé. Ó rí èémí tí ìyẹn dì mú ní àyà, òun náà sì mọ bó ṣe ń rí. Kò kánjú. Ó jẹ́ kí ìlù yí ká lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sún mọ́ máìkì tirẹ̀, ó wá béèrè ta ní ń bọ̀ láti ọ̀nà odò.