Àlejò Méjìlélọ́gbọ̀n Lẹ́yìn Mi

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Perina, ẹ̀gbọ́n mi, èmi ń kó àlejò méjìlélọ́gbọ̀n kiri ìlú Split nínú oòrùn oṣù keje, mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fọwọ́ pa àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ère bíṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè ṣoríire. Mi ò mọ̀ pé ó ti kú. Gbogbo ìlú ló mọ̀, èmi nìkan ni mi ò mọ̀, èmi tí a jọ mu ọmú kan náà.

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ọdún keje nìyẹn tí èmi àti Perina ò ti bá ara wa sọ̀rọ̀. Ilé ìyá wa, tó wà nínú ògiri ààfin àtijọ́, ló fà á. Nígbà tí màmá kú, Perina ní ká sọ ilé náà di ibi tí àlejò á máa sùn sí, bí gbogbo aládùúgbò ti ń ṣe. Mo ní láéláé. Mo ní mi ò lè máa mú àlejò kiri látàárọ̀, kí n tún délé kí n bá wọn níbi tí ìyá mi ti ń se ọbẹ̀ ẹja. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níjọ́ náà. Mo pè é ní olójúkòkòrò, mo ní bí wọ́n bá lè sanwó rẹ̀, á yá àlejò ní pósí màmá sùn. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí tó bá ti bọ́. Mo kó ẹrù mi, mo lọ háyà yàrá kan lókè ìlú, mo sì búra pé ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ àdúgbò yẹn mọ́. Ìbúra asán ni, torí pé ilé wa wà láàárín àgbàlá olópòó àti ọjà ẹja, kò sì sí àlejò tí kì í fẹ́ rí méjèèjì. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ pẹ̀lú pátákó nọ́ńbà tí àlejò ń tẹ̀ lé lọ́wọ́ mi, tí mò ń wo iwájú gan-an bí ọmọ iléèwé tó jalè.

Níbí, bí èèyàn bá kú, wọ́n á tẹ ìwé kan tí etí rẹ̀ dúdú, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri káàkiri. Òun ni gbogbo ayé ń kà kí wọ́n tó mu kọfí àárọ̀. Nítorí náà, kò sẹ́ni tí í pe èèyàn lórí fóònù pé ẹni rẹ̀ kú, wọ́n ti gbà pé o ti kà á. Èmi ò sì ka ògiri mọ́ láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin, márùn-ún ló ń gúnlẹ̀ lóòjọ́, àlejò tó ń sọnù ni mò ń ṣọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin tó ń ta kọfí kọ̀ kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin tó ń ta ọ̀pọ̀tọ́ gbá mi léjìká jẹ́jẹ́, ó ní akíkanjú ni mí. Mo rò pé ooru ló ń ṣe é. Mo ní bó bá mọ̀ pé akíkanjú ni mí, kó bù kún ọ̀pọ̀tọ́ mi, ló bá bù kún un lóòótọ́.

Aago kan ààbọ̀ la dé ẹnu ọ̀nà tóóró tí à ń pè ní Jẹ́ Kí N Kọjá. Kò fẹ̀ ju èjìká èèyàn kan lọ, àlejò tí ò bá sì gba inú rẹ̀ ya fọ́tò á ní òun ò rí Split. A tò sórí ìlà. Obìnrin arúgbó kan nínú wọn, tó dé àkẹtẹ̀, nawọ́ sí ìwé kan lára ògiri, ó bi mí pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, àbí ìkéde orin ni. Mo yíjú. Perina ló ń wò mí láti inú fọ́tò, ó sún ẹnu jọ bó ti máa ń ṣe tí mo bá pẹ́ délé. Wọ́n ní yóò wọlẹ̀ lọ́sàn-án òní, aago mẹ́ta, ní itẹ́ òkú Lovrinac. Nísàlẹ̀ ni wọ́n to orúkọ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ sí: Špiro ọkọ rẹ̀, Lukrija ọmọ rẹ̀, Vinka àbúrò rẹ̀.

Orúkọ mi wà níbẹ̀. Ọdún méje tí mi ò kí i, wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ orúkọ rẹ̀ lára gbogbo ògiri ìlú. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà lórí ìwé yẹn, àfi kó dúró lórí ìlà àwọn mọ̀lẹ́bí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, kí ará ìlú wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí mi ò bá dúró síbẹ̀ lónìí, kò sí ọjọ́ mìíràn tí mo tún lè ṣe àbúrò Perina mọ́ láyé. Obìnrin alákẹtẹ̀ yẹn ṣì ń retí èsì. Mo ní ìkéde lásán ni. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń tì mí, mo gbé pátákó mi sókè, mo wọnú ọ̀nà náà.

Àárín la dé tí ẹgbẹ́ mìíràn fi já wọlé láti òdì kejì, èrò ọkọ̀ mìíràn, wọ́n tó àádọ́ta. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ògiri kan mú mi láyà, èkejì mú mi lẹ́yìn. Fóònù wà lápò mi, mi ò lè na ọwọ́ sí i. Òógùn ń bọ́ sí mi lójú, mi ò rí ọwọ́ tí màá fi nù ún. Àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya ara wọn ní fọ́tò, torí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ pariwo pé ẹ jẹ́ n jáde, wọ́n ń sin ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n èémí tí mo ní ò ju èyí tí mo fi ń dúró lọ. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún lókè orí mi, mo kà á, ó lu ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí amọ̀nà kejì tó gbà láti kó èèyàn tirẹ̀ padà sẹ́yìn.

Mo pe Jerko, ọ̀gá mi. Ó ní òun ti ka ìwé náà lánàá, òun rò pé mo mọ̀, pé èmi ni mo yàn láti ṣiṣẹ́. Mo ní kó wá ẹlòmíràn sípò mi. Ó ní ọkọ̀ márùn-ún ló wà létíkun, kò sí amọ̀nà kan tó ṣófo. Lẹ́yìn náà ló rán mi létí amọ̀nà tó fi èèyàn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá fún ìwọ̀nba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí bàbá kan dákú sínú oòrùn. Wọ́n gba káàdì iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀, abọ́ ló ń fọ̀ báyìí.

"Ó dùn mí, Vinka," ó ní. "Ṣùgbọ́n títí di aago mẹ́rin ààbọ̀, ìwọ lo ni wọ́n."

Tonči, awakọ̀ tó yẹ kó gbé wa lọ sórí òkè láti wo òkun, ti ń dúró lójú ọ̀nà etíkun. Ó rí mi, ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, Àǹtí. Ẹ má bínú, mo ti rò pé agídí yín ni, pé ẹ ò ní lọ."

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò lọ?"

"Gbogbo ìlú ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju oòrùn lọ. Wọ́n ti ń rí mi látàárọ̀ nígboro, wọ́n ń sọ pé ẹ wo Vinka, òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tíì wọlẹ̀, ó ń ṣàlàyé ère. Mo gun ọkọ̀, mo ka àwọn àlejò, wọ́n pé.

"Má lọ sórí òkè mọ́," mo ní. "Lovrinac ni kí o gbé wa lọ."

Ó wo inú dígí ọkọ̀ rẹ̀, ó wo gbogbo àkẹtẹ̀ wọ̀nyẹn. "Pẹ̀lú gbogbo wọn?"

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Mi ò fi wọ́n sílẹ̀."

Mo sọ fún àwọn àlejò pé ibi tí à ń lọ ò sí nínú ìwé wọn. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, títẹ̀lé mi ti mọ́ wọn lára. Ọkọ̀ ò rìn, ojú ọ̀nà dí pinpin, aago mẹ́ta lù nígbà tí a wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó kó ewébẹ̀. Tonči ń fọn fèrè ọkọ̀, èmi ń já èékánná jẹ.

Ó ti kọjá aago mẹ́ta ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí a dé. Mo ní kí wọ́n dúró sábẹ́ igi lẹ́nu ọ̀nà, mo sì sáré wọlé. Àṣé pátákó nọ́ńbà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì gbé e sókè bó ti mọ́ mi lára. Mo bojú wẹ̀yìn, gbogbo wọn ló ń bọ̀, nínú ṣòkòtò péńpé àti sílípáàsì, ọ̀kan ń lá áísìkirìmù. Mo dúró, wọ́n dúró. Mo rìn, wọ́n rìn. Èmi tí mo bú Perina nítorí àlejò ni mo wá kó wọn débi pósí rẹ̀. Ojú tì mí wọ egungun.

Àwọn mọ̀lẹ́bí ti wà lórí ìlà. Kóòtù dúdú Špiro ti tóbi jù fún un. Lukrija rí mi, ó rí ohun tó wà lẹ́yìn mi, ojú rẹ̀ le.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ tún kó wọn dé ibí?"

Špiro ló fà mí lọ́wọ́, ó sì mú mi dúró láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn àlejò wò yíká, wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ń tò, wọ́n ń bọwọ́, ni àwọn náà bá tò. Obìnrin alákẹtẹ̀ ló ṣáájú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Špiro mú, ó bá a kẹ́dùn lédè tirẹ̀. Òmíràn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé e. Špiro ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àwọn àlejò Perina nìyí," ó sọ fún mi. "Àwọn tó sùn nílé wa. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì padà wá."

Lukrija wo pátákó tó wà lọ́wọ́ mi. Ó mọ̀, èmi náà mọ̀, pé wọn ò sùn nílé náà rí. Ṣùgbọ́n bàbá náà ti ń sunkún, ẹnu ta ni yóò gbà á sọ fún un?

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n," mo ní.

Ó nu ojú. Ó ní òun ò gbọ́ èdè wọn, kí n bá òun bá wọn sọ̀rọ̀. Mo bi í pé kí ni kí n sọ.

"Kí wọ́n má bínú nítorí yàrá kékeré ẹ̀yìn yẹn. Gbogbo wọn ló máa ń bèèrè rẹ̀, kí ló dé tí a fi ń tì í lásìkò tí ibùsùn ò tó. Ohun yòówù kí wọ́n fi lọ Perina, kò gbà." Kò wo ojú mi. "Sọ fún wọn pé yàrá àbúrò rẹ̀ ni."

Ojú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ń wò mí, wọ́n ń retí àlàyé. Mo gbé ohùn sókè, mo sì sọ fún wọn lédè wọn pé Perina ní yàrá kan tí kò fún àlejò kankan rí, ọdún méje ló fi tì í, yàrá àbúrò rẹ̀ ni.

Obìnrin alákẹtẹ̀ nawọ́ sókè. Ó bi mí bóyá àbúrò náà ti padà wálé.

Mo ní ó ti dé, ṣùgbọ́n ó pẹ́.