Sípírítì Tí Alájì Kò Rà

Láti ìgbà tí Alájì Mebruk ti ti Mẹ́kà dé ló ti ní ohunkóhun tó bá ti ń jẹ́ ọtí ò gbọdọ̀ wọ ilé òun, ìbáà ṣe èyí tí wọ́n fi ń nu egbò. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn wá sí òkè Medea tí wọ́n ń gbé, tó kìlọ̀ pé àrùn tó ń sọ igi píà di dúdú bíi pé iná jó o ti dé, kí kálukú máa fi sípírítì nu àlùmọ́gàjí tó fi ń gé ẹ̀ka kó tó bọ́ sórí igi míì, Alájì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ọtí fún irin? Ẹ ò kúkú bu fún màlúù yín náà!"

Ẹnu ẹ̀ ló kó bá a. Nígbà ìrúwé, ó rí ẹ̀ka dúdú kan lórí píà tirẹ̀, ó gé e sọnù. Igi náà ò tilẹ̀ mira, irú tí àrùn kì í rí gbé ṣe ni. Ó bá gbé irin kan náà lọ sọ́dọ̀ Wardia, ìyá opó tó múlé tì í, tó máa ń bá gé ẹ̀ka igi lọ́dọọdún. Píà ti ìyá, irú àtijọ́ ni, ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ó ti gbẹ pátápátá. Wọ́n fi dáná.

Alájì mọ̀ pé òun lòun pa á.

Nígbà òtútù, ìyá wọlé tọ̀ ọ́ wá.

"Mebruk, jọ̀ọ́, gé ẹ̀ka kan fún mi lára tìrẹ, kí n so ó mọ́ igi kékeré tí mo gbìn, kí wọ́n lè dàgbà di ọ̀kan. Tìrẹ lágbára. Tèmi, bóyá omi ni mo bù jù fún un. Ọkọ mi á ti máa bínú sí mi."

Alájì dá a dúró. "Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo pa igi yín. Irin tí mo fi gé àrùn lára tèmi ni mo gbé wá, mi ò nù ún. Mo ní mi ò lè ra ọtí." Omijé bọ́ lójú ẹ̀.

Ìyá yí padà, ó jáde. Alájì rò pé ó parí nìyẹn. Àfi bó ṣe padà dé, tó ki ìgò sípírítì kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Èyí tí mo fi ń ra orúnkún mi nìyí. Ojú fèrèsé ló wà lọ́jọ́ tí ò ń gé igi ọkọ mi. O ò ṣe béèrè?"

Alájì na ọwọ́ mú àlùmọ́gàjí rẹ̀.

"Ó yá, nù ún dáadáa, kó o gé ẹ̀ka náà fún mi."