Ọjọ́ Ẹtì Kẹsàn-án

Gbogbo àdúgbò ló ń yin ọkọ mi. Wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ Ọlọ́run bíi Críspulo ní erékùṣù wa. Ẹ wo orúnkún rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé iwájú ère Jésù kékeré, orúnkún ló fi ń rìn. Bó bá débẹ̀, á fi áńkáṣífì nu ẹsẹ̀ ère náà, á mú un wálé kí wọ́n fi pa ara Felisa, ọmọ wa. Èmi ló ń gbé e fún. Òun fúnra rẹ̀ kì í wọ yàrá ọmọ náà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n ìta ni ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ pin sí.

Ọdún mẹ́jọ ni Felisa fi wà ní Manila, lọ́dọ̀ ọkùnrin oníyàwó kan tó gbé e sá lọ. Nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ bàjẹ́, ó padà wálé. Bàbá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ọjọ́ Ẹtì mẹ́sàn-án lòun yóò fi orúnkún rìn kí ara ọmọ lè yá, òun kò sì ní bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi pé. Ó ní ìdákẹ́ yẹn ni ọrẹ òun. Ọrẹ kọ́, ìbínú ni. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń bá a gbé, mo mọ ìbínú rẹ̀ bó tilẹ̀ di ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mọ́wọ́.

Fada àgbà pàápàá sọ fún un lójú mi: "Críspulo, lọ bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ò bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ yẹn."

"Fada, mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Mi ò lè kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kẹsàn-án, Felisa ò lè gbé orí mọ́. Ó gbọ́ ìró bàtà bàbá rẹ̀.

"Tatay, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ lónìí. Ẹ wá jókòó tì mí."

Ó dúró. Èmi ló wò. "Sọ fún un pé bí mo bá dé, màá bá a sọ̀rọ̀."

"Ṣé adití ni? Sọ ọ́ fún un fúnra rẹ, alágídí! Ibi tó wà nìyẹn."

"Ó ku ẹyọ kan péré, Pacing. Ṣé o fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

Ó wọ jípù lọ.

Lọ́sàn-án, mo fi ṣíbí bu omi ìrẹsì sí i lẹ́nu, kò lè gbé e mì.

"Nanay, ṣé Tatay ṣì ń bínú sí mi?"

"Rárá, ọmọ mi. Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún ẹ."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn wọn ni mo fẹ́ gbọ́."

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kú kí oòrùn tó wọ̀. Ọkàn mi fà ya lọ́jọ́ náà, kò tíì ṣe é rán títí di òní.

Láti ojú títì ni mo ti ń gbọ́ Críspulo. "Felisa! Ọmọ mi! Ó ti pé o! Felisa!" Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní orúnkún rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Mi ò dá a dúró.

Ó jókòó tì í, ó ń sọ̀rọ̀, títí àwọn tó gbé pósí fi dé. Ó bi í léèrè ohun tó fẹ́ jẹ. Ó ní òun ti dárí jì í, ó tún un sọ, ó tún un sọ. Èmi nìkan ló ń gbọ́.