Ẹ̀rọ Tí Akíntọ́lá Fi Ń Na Ẹ̀yìn

Ìgbà mẹ́ta ni Monílọ́lá ti yí irin náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọkọ rẹ̀ sì tún ní kó yí i sí i.

Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ ló ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń fún epo ní Ajue, kò sì sí ibi tí ẹ̀rọ ìfúnpo ń gbà ṣiṣẹ́ tí kò yé e. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún débi pé kò lè gbé ìdì ẹyìn kan ṣoṣo mọ́, ó tú irin gbọọrọ inú ẹ̀rọ kan tó ti bàjẹ́, èyí tí ojú rẹ̀ yí po bíi ti bóòtù tí wọ́n fi ń de irin, ó dè é mọ́ ìpẹ̀kun pátákó gígùn kan. Bẹ́líìtì kan gba abẹ́ apá rẹ̀, ó so mọ́ òkè pátákó. Èkejì gba ìbàdí, ó so mọ́ irin. Bí wọ́n bá yí ọwọ́ irin lẹ́ẹ̀kan, á fa ìbàdí sísàlẹ̀ díẹ̀ báyìí, kò ju sísanra èékánná méjì lọ. Iṣẹ́ náà dán mọ́rán. Ohun tó ń ba Monílọ́lá lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Nítorí wọ́n ti lọ sí Ọ̀rẹ̀. Ọlọ́runbùnmi, físíò tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ẹ̀yìn dídùn, ti tẹ́ ẹní fún un. Ó ní kó dùbúlẹ̀, kó fa orúnkún kan sáyà, kó ka ogún, kó rọra dá a padà, kó tó ṣe èkejì. Ó ní fífi ohun èlò fa ẹ̀yìn kì í ṣe ohun téèyàn ń dá ṣe nílé láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò.

"Bàbá, bí ẹsẹ̀ bá kú, tàbí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, ẹ má ní ẹ ó kọ́kọ́ ṣe ìṣọ́ òru. Ẹ máa bọ̀ kíákíá," ó kìlọ̀ fún un.

"Ṣé torí kí n máa ká orúnkún bí ọmọ ọwọ́ ni mo ṣe wọkọ̀ wá?" Akíntọ́lá bi ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń padà sílé.

Lójú tirẹ̀, bí epo ṣe ń jáde ni ìrora náà ṣe máa jáde. Èèyàn á yí irin, á dúró kí epo ro, á tún yí i. Bí ẹ̀rọ bá ṣì ń dún, epo ṣì wà nínú. Ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìrora náà dín kù lóòótọ́. Lánàá, ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára mọ́ rárá.

"Ìyá Fẹ́yìsayọ̀, ṣé o ti sùn ni? Yí i!"

"Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀, Bàbá Fẹ́yìsayọ̀."

"Ìwọ tó o máa ń fún epo títí kẹ́ẹ̀gì á fi kún! Èmi lo wá ń ṣàánú?"

Ó rẹ́rìn-ín. Monílọ́lá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ìjàlọ ti gun pátákó. Wọ́n ti bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì, wọ́n ki ẹnu bọ ara, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ń ṣàn lọ sí gìgísẹ̀. Ìjàlọ kan ṣoṣo tó láti mú àgbàlagbà fò sókè. Akíntọ́lá ń fi ìka ọwọ́ lu pátákó, ó ń kọ orin ìsìn jẹ́jẹ́.

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ wo? Ara tù mí."

Monílọ́lá fẹ́ tú irin náà lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ó mọ bí irin ìfúnpo ṣe ń ta padà béèyàn bá sọ ọ́ sílẹ̀ lójijì. Ó yí i padà lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó tún yí i, ó dúró.

"Kí lò ń ṣe? Òdì lò ń yí i!"

"Ìgbà wo lẹ tọ̀ kẹ́yìn?"

Akíntọ́lá dáwọ́ pátákó lílù dúró.

"Àárọ̀ àná. Mo rò pé ooru ni."

Monílọ́lá sáré pe Olúfúnṣọ́, aládùúgbò wọn tó ń fi ọkọ̀ kó kòkó. Wọn kò jẹ́ kí Akíntọ́lá jókòó. Orí pátákó náà ni wọ́n fi gbé e sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹ má yà sọ́dọ̀ mi o," Ọlọ́runbùnmi sọ lórí fóònù nígbà tí Monílọ́lá pè é. "Ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbà lọ tààrà. Màá pe dókítà sílẹ̀. Ìyá, ìgbà wo ni ẹsẹ̀ náà ti kú?"

"Mi ò mọ̀."

Kòtò kún ojú ọ̀nà. Bí Olúfúnṣọ́ bá sáré, pátákó á fò. Bó bá rọra, àsìkò ń lọ. Akíntọ́lá tẹjú mọ́ òkè, ó pe orúkọ tí kò pe ìyàwó rẹ̀ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti bí àkọ́bí.

"Monílọ́lá, bá mi fọwọ́ ra ẹsẹ̀ òsì yẹn. Bóyá á jí."

Láti Ajue ni ẹsẹ̀ náà ti wà lórí itan Monílọ́lá, tí ó ń fi ọwọ́ méjèèjì rà á.