Téèpù Tí Mo Fi Ń Wọn Ìwé Ìròyìn

Ẹni tó bá sọ pé ìwé ìròyìn kì í ṣe ojúsàájú, kó wá bá mi ní Ajégúnlẹ̀. Mi ò ní bá a jiyàn. Téèpù ni màá fà yọ.

Tájù Télọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ajégúnlẹ̀ lọ sí èbúté Àpápá, nígbà tí à ń múra ìbò ọdún 1964, ló mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Pákó tí wọ́n fi ń di ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi ni mo fi kọ́ ọ. Mo fi páànù bo orí rẹ̀, mo kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Òun nìkan ni ohun tí mo lè nawọ́ sí láyé yìí kí n ní tèmi ni, òun náà ló sì ń bọ́ Sàfíátù ìyàwó mi àtàwọn ọmọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kiri pé kánsù fẹ́ fẹ ọ̀nà wa kí lọ́rì tó ń kẹ́rù bọ̀ láti èbúté lè máa ráyè kọjá, oorun dá lójú mi.

"Bàbá Tinú, kí ni wọ́n kọ nípa ọ̀nà yìí?" Ohun tí Sàfíátù máa ń bi mí nìyẹn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá wọlé.

"Wọn ò kọ nǹkan kan," ni màá dá a lóhùn. "Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ṣé o rò pé ó lè wà nínú ìwé ìròyìn kí n má rí i? Èmi tí mò ń wọ̀n ọ́n!"

Mò ń wọ̀n ọ́n lóòótọ́. Ẹgbẹ́ méjì ló ń du ìbò ládùúgbò wa nígbà yẹn: ẹgbẹ́ Alátùpà, tó jẹ́ tèmi, àti ẹgbẹ́ Aláago, tó jẹ́ ti àwọn tí kò mọ ohun tó dára. Ọ̀rẹ́ mi Onoriode, ọmọ Ùróbò tó ń ru ẹrù ní èbúté, wà lára àwọn tí kò mọ ohun tó dára. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á ra ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ohùn Aráàlú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi náà á ti ra Olótìítọ́ Èkó sílẹ̀. Olótìítọ́ ń gbè sẹ́yìn Alátùpà díẹ̀, ìyẹn ni pé òótọ́ ló ń kọ. Ohùn Aráàlú ń gbè sẹ́yìn Aláago, irọ́ funfun báláú.

Lọ́jọ́ kan, Onoriode na ìka sí ìwé ìròyìn mi. "Tájù, this your paper na wayo. Wò ó! Òkè, Alátùpà. Ìsàlẹ̀, Alátùpà. Aláago ńkọ́? Ṣé wọ́n ti kú ni?"

Inú bí mi. Mo fa téèpù yọ lọ́rùn, mo tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn náà, mo sì fi hàn án pé Aláago ní íǹṣì mẹ́ta níbẹ̀. Bí àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìròyìn èyíkéyìí tí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan bá wà nínú rẹ̀, màá fi pẹ́ńsù yí i ká, màá wọ̀n ọ́n, màá kọ iye íǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ tó ni ín. Kò pẹ́, àwọn tó ń lọ sí èbúté ń yà láti gbọ́ ìdájọ́ téèpù. Wọ́n ń pè mí ní Adájọ́. Orí mi wú débi pé fìlà mi fẹ́ máa fún mi.

Ti asọ̀rọ̀mágbèsì tó wà lára ògiri mi kò ṣeé fi téèpù wọ̀n, maṣíìnì ni mo fi ń wọn ìyẹn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìròyìn Aláago, màá máa fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì lọ, odidi ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan á di rírán kí wọ́n tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti Alátùpà, kí n tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ti tán. Mo ní ẹ̀rí. Ṣòkòtò wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti pé tí èkejì kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ni ín sì ń bú mi lójoojúmọ́.

Ẹ má bi mí bóyá mò ń ka ohun tí mò ń wọ̀n. Ṣé télọ̀ máa ń bi àyà oníbàárà léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó wọ̀n ọ́n ni?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo rí ìròyìn kékeré kan ní ìsàlẹ̀ Ohùn Aráàlú. Orúkọ alága kánsù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Aláago pọ́ńbélé sì ni alága náà. Mo fi pẹ́ńsù yí i ká, mo wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: íǹṣì kan àbọ̀, Aláago. Mo ṣí Olótìítọ́ tèmi. Ìròyìn kan náà ló wà níbẹ̀, íǹṣì kan àbọ̀ náà ni! Mo pariwo. "Wọ́n ti ra olóòtú wa! Nínú ìwé ìròyìn wa, ẹ̀yin èèyàn!" Onoriode rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, asọ̀rọ̀mágbèsì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkéde kan lédè Yorùbá. Bí mo ṣe gbọ́ orúkọ alága báyìí, mo fo sórí maṣíìnì. "Ẹ gbọ́ wọn! Aláago lẹ́ẹ̀kan sí i!" Mo tẹ̀ ẹ́ kíkan, ariwo rẹ̀ sì bo gbogbo ohun tó kù tí wọ́n sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó gùn tó apá bùbá kan.

Tí a bá ti wọn ìwé ìròyìn tán, Mercy ni mo máa ń kó o fún. Ọmọ Wàrí ni Mercy, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń din àkàrà, òun ló ń fi ìwé ìròyìn náà wé e fún oníbàárà. Mercy kì í ṣe Alátùpà, kì í ṣe Aláago. Epo àkàrà rẹ̀ ló mọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ó yọjú sí mi.

"Bọ̀ọ̀dá Tájù, ẹ ti dé kánsù? Me I don go o. Wọ́n dá mi lóhùn dáadáa."

"Kí ni mo fẹ́ débẹ̀ ṣe?" mo jágbe mọ́ ọn. "Lọ́dọ̀ àwọn Aláago! Wọ́n ti rà ọ́ nìyẹn, Mercy. Àkàrà mélòó lo gbé fún alága?"

Ó wò mí, ó yí àkàrà rẹ̀ padà nínú epo. "Okay o, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé."

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, katapílà dé. Akọ̀wé kánsù kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ló ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá. Mo bọ́ sí iwájú katapílà náà, téèpù lọ́rùn.

"Ta ló fún yín láṣẹ? Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni!"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni akọ̀wé náà wí, "ó wà nínú ìwé ìròyìn méjèèjì, wọ́n sì kéde rẹ̀ lórí rédíò. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà yìí wá gba àyè tuntun ní kánsù, kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Àyè ti tán báyìí."

"Irọ́ ni! Kò sí ìwé ìròyìn tó ń kọjá lójú mi!"

Mercy ló fà mí lápá. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ègé ìwé ìròyìn kan tí epo ti mu jáde. "Bọ̀ọ̀dá, oníbàárà mi kan ló kà á fún mi níbi tó ti ń jẹ àkàrà. Ìwé yìí ni mo mú lọ sí kánsù. Lọ́jọ́ tí mo bi yín, mo rò pé ẹ fẹ́ bá wọn ṣẹjọ́ ni. Abi no be you mark am?"

Mo gbà á. Láàárín epo yẹn, pẹ́ńsù mi yí ìròyìn náà ká roboto. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: íǹṣì kan àbọ̀, Aláago. Mo kà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Orúkọ ọ̀nà wa wà níbẹ̀ gbangba. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè wo Mercy.

Wọ́n gbà kí n kó ẹrù jáde. Onoriode kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Òun nìkan ló gbé maṣíìnì mi sórí bí ó ṣe ń gbé àpò sìmẹ́ńtì, kò sì bá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbá dára bó bá tilẹ̀ ṣe é. Asọ̀rọ̀mágbèsì ṣì ń sọ̀rọ̀ lára ògiri nígbà tí ògiri náà wó. Mo sunkún lójú gbogbo àwọn tó ń pè mí ní Adájọ́.

Sàfíátù sáré dé. Ó wo pákó tó wà nílẹ̀, ó wò mí.

"Bàbá Tinú, ṣé wọ́n kọ ọ́?"

"Wọ́n kọ ọ́."

"Íǹṣì mélòó?"

"Íǹṣì kan àbọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn yọ lábẹ́ páànù, ó gbé e rù, ó sì ń lọ sílé. Ìbá sàn fún mi kó bú mi.

Mercy ló fún mi láyè níwájú ìsọ̀ tuntun rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú maṣíìnì mi, tí èéfín àkàrà ń ta mí lójú, nígbà tí Onoriode dé pẹ̀lú ìwé ìròyìn méjèèjì. Àwọn tó ń lọ sí èbúté ti tẹ̀ lé e.

"Tájù, wọ́n kọ nípa wa," ó wí.

Gbogbo wọn ń wo ọrùn mi. Mi ò fa téèpù. Mo kọ́kọ́ ka Olótìítọ́ sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́: kánsù ti palẹ̀ àwọn àtíbàbà kan mọ́ lọ́nà Àpápá. Mo mú Ohùn Aráàlú, mo ka ìyẹn náà. Àtíbàbà kan náà ni wọ́n pè é. Ilẹ̀kùn mi tí mo kùn, wọn ò mẹ́nu bà á.

"Ó yá, wọ̀n ọ́n," Onoriode wí jẹ́jẹ́.

Mo wọ̀n ọ́n. Ìdajì íǹṣì ni nínú Olótìítọ́ Èkó. Mo tún tẹ́ téèpù sórí Ohùn Aráàlú, mo fi èékánná tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà yẹ̀. Ìdajì íǹṣì ni.

Láti ìgbà tí mo ti ń wọn ìwé ìròyìn, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo rí i pé kò sí ojúsàájú kankan nínú méjèèjì nìyẹn.